Ta Ló Fún Idrissa Láṣẹ?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, kí ẹ̀rù tó ba Kaoussarath, ẹ̀rín ló ń rín. Ọkùnrin kan ló dúró níwájú tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Vridi, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ọkùnrin náà kó ìwé wá rẹpẹtẹ: káàdì, òǹtẹ̀, àti lẹ́tà tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí lórí gàdàgbà gàdàgbà.

"Ọ̀gá, nọ́ńbà agrément yín dà?" Kaoussarath bi í, ìyẹn nọ́ńbà ìwé àṣẹ.

"Madame, registre de commerce mi nìyẹn. Ẹ wo òǹtẹ̀ lára rẹ̀."

"Mo rí i. Ìyẹn ń sọ pé ẹ ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sọ pé àwọn aṣọ́bodè ti fún yín láṣẹ kí ẹ máa bá ènìyàn gba ẹrù. Ọ̀tọ̀ ni ìwé ìbí, ọ̀tọ̀ ni ìwé ìwakọ̀."

Ó da ìwé náà padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹrù kankan kò sì tíì gba ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò láṣẹ. Ẹ̀bẹ̀ kì í yí i, ẹ̀rín ẹ̀yẹ kì í tàn án. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ kò ní gba ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí gbọ́.

Marie-Claire, akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ náà, obìnrin ará Anoumabo tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, rẹ́rìn-ín láti ìdí tábìlì tirẹ̀. Èdè Faransé ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ. "Kaoussarath, o le ju àwọn aṣọ́bodè fúnra wọn lọ."

"Tantie, béèyàn ò bá le, wọ́n á rẹ́ni jẹ."

Inú rẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún Marie-Claire nígbà tí wọ́n jókòó jẹ atiéké àti ẹja díndín lọ́sàn-án. Ìyá òun, Sẹ̀kínà, tó ń ta ìkòkò àti abọ́ lọ́jà Treichville, ti ta ilé tí bàbá òun, olóògbé Lassissi, kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mílíọ̀nù mẹ́fà sẹ́fà lowó náà. Bó bá di aago méjì ọ̀sán yẹn, ìyá yóò gbé e fún onímọ̀ owó kan tó ń jẹ́ Idrissa. Idrissa yóò fi dókòwò fún oṣù méjìdínlógún, lẹ́yìn náà ilé méjì ni ìyá yóò kọ́ dípò ẹyọ kan, kó lè padà sílé lọ sinmi.

"Ta ni Idrissa?" Marie-Claire béèrè.

Kaoussarath fi àwòrán káàdì ọkùnrin náà hàn án lórí fóònù. Conseiller en Patrimoine ni wọ́n kọ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ohun ìní. Lẹ́tà mẹ́rin sì tẹ̀ lé e: E.F.C.I.

"Kí ni ìyẹn?"

"Ó ní ọ̀mọ̀ràn owó tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ni. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Ojú mi ni mo fi kà á."

"Mo gbọ́. Nọ́ńbà agrément rẹ̀ ńkọ́?"

Kaoussarath tún wo àwòrán káàdì náà.

"Ó ní registre de commerce," ó wí níkẹyìn. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde ló gbọ́ ohùn ọkùnrin àárọ̀ yẹn lẹ́nu ara rẹ̀. Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Marie-Claire kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́, ó sì fa fóònù tirẹ̀ yọ. Ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé iṣẹ́ tó ń ra ìpín ìdókòwò fún ènìyàn, kó tó fẹ̀yìntì, ìyàwó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà títí ó fi há a sórí.

"Àjọ kan wà tó ń jẹ́ AMF-UMOA," ó wí. "Òun ló ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí a jọ ń ná sẹ́fà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó ará ìlú láti fi dókòwò, ọwọ́ wọn ló ti ń gbàṣẹ. Báńkì ní alámòójútó tirẹ̀, àwọn abánigbófò náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ owó ẹlòmíràn tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àjọ yìí sì máa ń gbé orúkọ àwọn tó fún láṣẹ síta. Jẹ́ ká wò ó."

Wọ́n wò ó. Idrissa kò sí níbẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kaoussarath fi s kan kọ orúkọ náà, ó fi méjì kọ ọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ Marie-Claire, ó tún un wò látòkè délẹ̀.

"Bóyá wọn ò tíì kọ ọ́ sí i ni."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. A ó pe àjọ náà fúnra rẹ̀, lórí nọ́ńbà tí àwa fúnra wa wá rí, kì í ṣe èyí tó wà lórí káàdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká wá orísun lẹ́tà mẹ́rin yìí ná."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, tí àwòrán ẹyẹ idì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta sẹ́fà, tó sì wo fídíò fún ọjọ́ méjì, wọ́n á fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹyẹ idì yẹn náà ló wà nínú férémù wúrà. Kaoussarath mọ̀ ọ́n. Ó tiẹ̀ ti yìn ín lọ́jọ́ náà pé ó rẹwà.

"Má ṣì mí gbọ́ o," Marie-Claire wí. "Ìwé ẹ̀rí gidi wà. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kàwé gbà á, wọ́n ṣèdánwò, wọ́n sì tún ń padà lọ kẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá hùwà ìbàjẹ́, ẹgbẹ́ tó fún wọn á gbà á padà. Ohun tí a ń bi ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nìyẹn: ta ló fún ọ, ọdún mélòó lo fi kọ́ ọ, ta ló lè gbà á lọ́wọ́ rẹ? Bí kò bá sẹ́ni tó lè gbà á, kò tó nǹkan kan. Kódà, èyí tó dáa jù nínú wọn, ìmọ̀ ló ń jẹ́rìí sí. Kì í ṣe àṣẹ láti gbowó èèyàn. Èrè mélòó ló ṣèlérí?"

"Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, lóṣooṣù. Ó ní kò lè yẹ̀."

"Yéè! Owó ọwọ́ ló ní kí ìyá rẹ gbé wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kaoussarath, ẹni tó láṣẹ kì í ṣèlérí èrè ńlá tí kò lè yẹ̀, nítorí ọjà ìdókòwò kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kì í sì í gba owó sínú dúróọ̀. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ lowó yẹ kó wọ̀. Dìde. Pe ìyá rẹ."

Kaoussarath dìde. Ó pe ìyá rẹ̀. Fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó mọ ìdí rẹ̀, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù: Sẹ̀kínà kì í gbé fóònù bí owó bá wà lára rẹ̀. Ó ní ẹni tó gbówó rìn kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó pe Fẹ́yìsetán, opó tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti ìyá rẹ̀ lọ́jà.

"Ìyá rẹ? Ó ti lọ," Fẹ́yìsetán dáhùn. "Bó ṣe kí ìrun Àìlà tán báyìí ni Idrissa rán mọ́tò wá gbé e. Ọmọ yẹn mà mọ èèyàn-án tọ́jú o! Kaoussarath, kí ló dé tí ohùn rẹ ń gbọ̀n?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Irọ́ ni. Owó tí Fẹ́yìsetán fẹ́ fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ Idrissa láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kaoussarath pa fóònù.

Ó já jáde, ó wọ takisí. Ọ̀nà Vridi kún fún ọkọ̀ agbépo, wọ́n tò gbọọrọ bí ẹni tí kò níbì kan tó ń lọ. Awakọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wò ó nínú dígí. "Tantie, y'a drap?" ó bi í, ìyẹn ni pé ṣé ọ̀ràn wà.

"Ọ̀ràn ńlá ni, ọmọ mi. Ìyá mi ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò béèrè sí i. Ó yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Kaoussarath jókòó sẹ́yìn, ó ń ka àdúrà tí kò parí ọ̀kan tó fi ń bọ́ sí òmíràn, ohun tí òun ṣe sì ń yọjú sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Ní agboolé wọn ní Treichville, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ka sórí ìwé kí Kaoussarath tó kà á. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń ṣe é. Lẹ́tà láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ìwé iná, èsì àyẹ̀wò ọsibítù, òun ló ń kà á ní Faransé tó ń yí i sí Yorùbá fún àwọn ìyá tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, tí wọ́n mọ owó ọjà gbogbo ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ìwé. Wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pè é ní Notaire, ìyẹn amòfin tó ń jẹ́rìí sí ìwé. Wọ́n á gbé àga fún un. Àwọn tó bí i lọ́mọ á dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ni ni, ta ni yóò purọ́ pé kò dùn mọ́ òun?

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Idrissa wá sí ìpàdé àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àgbà. Ó pe agboolé kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ó ki ọmọ Àjílété, ó ki ìdílé Lassissi débi tí Sẹ̀kínà fi ń fi ìborùn nu ojú. Kí oṣù yẹn tó parí, obìnrin mọ́kànlá ti fẹ́ kówó fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Notaire ka ìwé ná. Ojú ewé mẹ́jọ ni. Kaoussarath kà á láìkọsẹ̀. Ó wo òǹtẹ̀, ó wo déètì, kò rí àṣìṣe kan nínú Faransé rẹ̀. Ní ojú ewé kẹrin, ó kan gbólóhùn kan tí kò yé e. Ó gbójú sókè, ó rí gbogbo ojú tó ń wò ó. Ó fò ó.

"Ṣé ó dáa?" wọ́n bi í.

"Ó pé. Kò lábùkù."

Kí ló dé tí kò béèrè agrément lọ́jọ́ yẹn, òun tó ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́? Ojú tì í. Báwo lo ṣe fẹ́ wo ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki baba rẹ tán, kí o bi í pé ta ló fún ọ láṣẹ? Bí ẹni pe ọmọ ilé ẹni lólè ni yóò rí. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́, pé ẹni tó bá ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ti ọrùn Idrissa tí wọ́n wò, oríkì lásán ni.

Nígbà tí ọkọ̀ há mọ́ ẹgbẹ́ ọjà Treichville, Kaoussarath sanwó, ó sì sáré. Ó bọ́ bàtà gogoro ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́wọ́. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ́fíìsì Idrissa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, lórí ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó, ó jẹ́ kó wọlé.

Sẹ̀kínà jókòó níwájú tábìlì, àpò rẹ̀ ṣófo lórí itan rẹ̀. Ìwé wà níwájú rẹ̀, tàdáwà ìtẹ̀ka sì ti ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kaoussarath! Ṣé o ò lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí wa," Idrissa wí, ó sì dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àsìkò tó dáa lẹ dé. Màmá wa fẹ́ tẹ̀ka báyìí ni."

"Owó dà?"

"Ó ti wà nínú àpótí irin. Ọkàn yín balẹ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni Idrissa, kí ni nọ́ńbà agrément yín?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí ògiri. "Ẹ̀yin náà ṣáà kà á, àǹtí."

"Mo kà á. Fídíò ọjọ́ méjì ni. AMF-UMOA ló ń fúnni láṣẹ láti gbowó irú èyí, orúkọ yín ò sì sí lọ́dọ̀ wọn."

Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu Idrissa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó mi orí díẹ̀. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, Kaoussarath sì gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí.

"Màmá, ṣé ẹ rí i?" Idrissa wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, wọn ò mọ ará ilé mọ́. Èmi tí mo mọ agboolé Bàbá Lassissi, èmi ni wọ́n ń pè lólè lójú yín."

Sẹ̀kínà kọjú sí ọmọ rẹ̀, inú ń bí i. "Kí ni ìtìjú tí o kó bá mi yìí? Ṣebí ìwọ lo ka ìwé! Ìwọ lo ní ó pé!"

"Màmá, mo kà á. Kò yé mi." Omijé bọ́ lójú Kaoussarath. "Faransé ibẹ̀ ni mo mọ̀, n ò mọ ọ̀rọ̀ owó. Ibì kan wà tí mo fò, torí ojú ń tì mí láti sọ fún yín pé n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ dákun, ẹ má tẹ̀ka. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Sẹ̀kínà wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ogójì ọdún lọ́jà ti kọ́ ọ bí ojú ẹni tó ń purọ́ ṣe máa ń rí, àti bí ti ẹni tí irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀ ṣe máa ń rí. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín.

"Idrissa ọmọ mi, má dá a lóhùn," Sẹ̀kínà wí. "Ìwé àkàjù ló ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n o ò mọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn? Owó yẹn, gbé e wá kí n tún un kà. Ìdì kan fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá mi gbà á bọ̀ láti ilé, àfàìmọ̀ kó máà ti yọ igba ẹgbẹ̀rún ńbẹ̀. N ò ní gbé owó tí ò pé fún ọ. Mo ní èyí tí màá fi dí i." Ó fọwọ́ lu àpò ìbàdí rẹ̀.

Idrissa wo ìbàdí ìyá náà. Ó wo Kaoussarath. Ojúkòkòrò ló borí. Ó ṣí àpótí, ó sì kó ìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì.

"Un," Sẹ̀kínà wí, ó sọ ìdì kìíní sínú àpò ara rẹ̀. "Deux." Ó ń ṣe é jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka abọ́ fún oníbàárà. Nígbà tó dé "six," ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó sì fi ohùn tó fi ń polówó láti ogójì ọdún lọgun sí ìsàlẹ̀.

"Àrìmíyàù! Àrìmíyàù o! Kó àwọn ọmọ rẹ gòkè wá, ẹ wá bá mi gbẹ́rù!"

Àrìmíyàù ni olórí àwọn aláàárù ọjà náà. "Mo ń bọ̀, Ìyá!" ó dáhùn, wọ́n sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Sẹ̀kínà yíjú padà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Idrissa, sọ fún ẹni rẹ kó ṣílẹ̀kùn. Inú ọjà la wà. Bí mo bá fi lọgun lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò ní béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn aláàárù. Ní àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, Sẹ̀kínà jókòó lulẹ̀. Ẹ̀rù tí kò bà á lókè, ìsàlẹ̀ ló dé bá a. Kaoussarath kúnlẹ̀, ó dì í mú.

"Ilé baba rẹ nìyí," ìyá wí, ó fọwọ́ kan àpò náà. "Gbogbo ilé baba rẹ ló wà nínú àpò yìí. Mo fẹ́ gbé e fún un." Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè. "Kaoussarath, tàwọn yòókù ńkọ́? Owó Fẹ́yìsetán ńkọ́?"

Ọjọ́ kejì gan-an ni Kaoussarath àti Sẹ̀kínà kó ìwé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ibẹ̀ ti ṣófo, àpótí irin kò sí, férémù kò sí. Fóònù Idrissa kò lọ mọ́. Wọ́n dé ọ́fíìsì àjọ AMF-UMOA pẹ̀lú, wọ́n sì kọ ẹ̀sùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Akọ̀wé tó gbà wọ́n bọ̀wọ̀ fún wọn, ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ó ní ọkùnrin náà kò fìgbà kan gbàṣẹ. Kò ṣèlérí pé owó yóò padà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun dé, Kaoussarath pe àwọn ìyá náà jọ sí àgbàlá. Wọ́n gbé àga fún un. Kò jókòó. Ó sọ fún wọn pé èrè tí Idrissa ń fi ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, owó wọn gan-an ló ń bù fún wọn. Ó ṣí ìwé, ó ka gbólóhùn tó fò ní ojú ewé kẹrin, tí Marie-Claire ti ṣàlàyé fún un: pé ẹni tó bá tẹ̀ka ti fi owó náà yá Idrissa fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun ìdúró kankan. Ó ní, "Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Kò yé mi. Mo ní ó pé."

Ẹnì kan pòṣé. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Obìnrin kan wí pé ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Kaoussarath dúró, ó gbà á.

Fẹ́yìsetán ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí ohùn ti ń wá, nítorí òjìji lásán ló ń rí báyìí. "Kaoussarath, bí o bá sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn pé o ò mọ ibẹ̀, ta ni ì bá bínú sí ọ nínú wa?"

Títí di òní ni ìbéèrè náà ṣì ń dún létí Kaoussarath. Ó ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ náà, Sẹ̀kínà náà sì fi kún un, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ pé ojú òsì kò ní lè dúró pẹ́. Bí iṣẹ́ abẹ yóò bá ojú náà níbẹ̀, wọn kò mọ̀. Ẹ̀rù náà ń bá Kaoussarath jí láràárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bóyá ẹ̀yin náà ni wọ́n ń gbé àga fún nílé yín, nítorí pé ẹ kàwé. Ẹ má jẹ́ kí àga náà dùn jù. Bí ẹnì kan bá wá gbowó, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín, ìbáà mọ oríkì yín ju ẹ̀yin lọ, ẹ bi í pé ta ló fún un láṣẹ, kí ẹ sì fúnra yín lọ bá ẹni tó dárúkọ. Ìwé ìdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ kì í ṣe àṣẹ. Ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tó bá láṣẹ ní tòótọ́ kì í bínú bí a bá bi í, torí ó mọ̀ pé ohun tó yẹ ni. Ẹni tó bá ń kánjú yín, tó ní owó ọwọ́ ni kí ẹ gbé wá, tó ní èrè kò lè yẹ̀, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Bí ìwé bá sì wà lọ́wọ́ yín tí ibì kan nínú rẹ̀ kò yé yín, ẹ sọ ọ́ síta lójú gbogbo ènìyàn pé kò yé yín, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì kí ìyá yín tó tẹ̀ka.